Ìdí Tí Àrọ̀ Kì Í Fi Í Tètè Kú Nínú Abọ́
(Ọ̀rọ̀ tí àwa ẹlẹ́ja bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé)

 

Àwọn oníbàárà máa ń bi wá pé, "Ìyá ẹlẹ́ja, oògùn wo lẹ fi sí ẹja yìí tí kò fi kú?" Kò sí oògùn kankan o. Bí Ọlọ́run ṣe dá àrọ̀ nìyẹn.

Ẹ wo epìyà. Ohun pupa tó wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí a máa ń ṣí wò ká lè mọ̀ bóyá ẹja ṣì dára, òun ló fi ń mí nínú omi. Tó bá kúrò nínú omi, ohun pupa yẹn á lẹ̀ pọ̀, ẹja ò sì ní pẹ́ kú. Àrọ̀ ní tirẹ̀ ní òmíràn lókè èyí. Ẹ la orí rẹ̀, ẹ ó rí nǹkan pupa tó pẹ̀ka bí igi kékeré. Atẹ́gùn tó bá gbé mì lójú omi, ibẹ̀ ló ń lọ, ẹ̀jẹ̀ á sì gbà á. Awọ rẹ̀ tí kò ní ìpẹ́ náà ń gba díẹ̀, bó bá ṣáà ti tutù.

Ẹja kékeré kan tún wà létí ọ̀sà, tí ojú rẹ̀ yọ sókè, tó ń fò lórí ẹrẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Awọ ara àti inú ẹnu rẹ̀ ló fi ń mí lórí ilẹ̀. Bí awọ yẹn bá gbẹ pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan owó wa. Lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a kó àrọ̀ kún dúrọ́ọ̀mù, a rọ omi dé ẹnu rẹ̀, a sì dé e pa kí wọ́n má baà fò jáde. Oòrùn mú un títí dé ọjà. Nígbà tí a ṣí i, ìdajì ti kú. Owó àjọ ló bá a lọ! Omi gbígbóná kì í ní atẹ́gùn tó, ẹja ò sì rí àyè yọ ẹnu sókè.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi àyè sílẹ̀ lókè omi. Àwọ̀n ni ká fi bò ó, kì í ṣe ìdérí. Ká gbé e sí ibòji, ká pààrọ̀ omi tó bá ti ń rùn, ká sì máa wọ́n omi sí èyí tó wà lórí àtẹ.

Ẹja tó bá kú sí wa lọ́wọ́, owó wa ló kú. Ọjà á tà o!