Sikáfóòdù Tí Kò Ní Àkàbà Kò Tíì Parí

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, kí iṣẹ́ àtúnṣe ìparí ọdún tó bẹ̀rẹ̀)

 A mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú, ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò sì wọ ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó tó délé. A kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ṣì wà nílẹ̀, a ó dé orí rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ti òní, ọ̀rọ̀ àkàbà ni.

A gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ rẹ́rìn-ín o, kò burú. Àwa náà ti fi ọ̀rọ̀ àkàbà rẹ́rìn-ín rí, títí di ọjọ́ tí ẹ̀rín di ẹkún.

Ẹ ó rántí iṣẹ́ àtúnṣe ìparí ọdún tó kọjá. Wọ́n pa ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kí a kun àwọn irin abẹ́ òrùlé ilé iṣẹ́ ńlá. Sikáfóòdù onítáyà mẹ́ta ni wọ́n tò, àwọn ilé onírin gogoro tí à ń tì kiri láti ibì kan dé ibòmíràn. Àkàbà kan ṣoṣo ló bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá. Bí àwọn ti àkọ́kọ́ bá ti gòkè tán, a ó yọ àkàbà náà lọ fún àwọn ti kejì. Bí àwọn ti kejì bá gòkè tán, ó di ti ẹ̀kẹta. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá mu omi tàbí kó lọ ilé ìtọ̀, ara irin ló ń bá sọ̀. Gbogbo wa la rí i. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, iná kan kú níbi tí a ti ń di ẹrù sọ́kọ̀. Àwa gan-an tí à ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí la ní kí wọ́n gbé àkàbà náà lọ fi pààrọ̀ gílóòbù. A ní, "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré." Nínú ìṣẹ́jú márùn-ún náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin akunlé kan, tí agbaṣẹ́ṣe mú wá, fẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá bu ọ̀dà. Ó mú agolo ní ọwọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di irin mú, ó gbé ẹsẹ̀ lé irin ìdábùú tí ọ̀dà ti kán sí. Ẹsẹ̀ yọ̀. Ibi tó ti jábọ́ kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ. Egungun itan ṣẹ́, ọrùn ọwọ́ náà ṣẹ́. Títí di òní, ọmọ náà ń tiro.

Ẹ̀yin ará, bí a bá fẹ́ na ìka sí àwọn aláṣẹ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wẹ ọwọ́ tiwa. Wọn kò ra àkàbà tó tó. Ẹ̀bi tiwọn nìyẹn, òun ló sì tóbi jù. Àwa gun ohun tí kò ní àkàbà, a sì tún gbé ẹyọ kan tó wà lọ. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn.

ARA IRIN KÌ Í ṢE ÀKÀBÀ

Àwọn bàbá wa tó ń dẹ́mu kò lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé láti ìdí ọ̀pẹ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti orí rẹ̀. Adẹ́mu kì í gun ọ̀pẹ láìsí igbà. Kó tó gùn ún, á fa igbà rẹ̀ wò, á wo ibi tó ti fẹ́ já. Bí kò bá dá a lójú, á padà sílé lọ tún un ṣe. Kò sí ẹni tó ń pè é ní ọ̀lẹ. Kí ló dé tí àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá fi gbà pé ẹni tó bá béèrè àkàbà ni ojo?

Ohun méjì ló wà níbẹ̀ tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé.

Èkíní, irin ìdábùú ara sikáfóòdù wà láti mú un dúró ṣinṣin. A kò ṣe é fún ẹsẹ̀ ènìyàn. Àlàfo àárín wọn jìnnà, òmíràn sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Wọ́n rí rogodo, bàtà kì í dì mọ́ wọn, àgàgà bí omi, òróró tàbí ọ̀dà bá ti kán sí wọn. Ti àkàbà yàtọ̀. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ jìnnà síra ní nǹkan bí íǹṣì 10 sí 12, bákan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ mọ ibi tí ó ń lọ bí ojú kò tilẹ̀ wò ó. Ẹni tó ń gun àkàbà gbọ́dọ̀ ní ohun mẹ́ta lára rẹ̀ nígbà gbogbo: ẹsẹ̀ méjì àti ọwọ́ kan, tàbí ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ kan. Ẹni tó mú agolo ọ̀dà lọ́wọ́ kò lè ṣe èyí.

Èkejì, sikáfóòdù onítáyà fúyẹ́, ìdí rẹ̀ kò sì fẹ̀. Bí ènìyàn bá wà nínú rẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ ń tẹ ìdí náà mọ́lẹ̀. Bí ó bá so rọ̀ sí ìta rẹ̀, ìwúwo kan náà ló ń fà á ṣubú. Ẹ̀yin ará ọkọ̀, ẹ rántí mólùwẹ́ ayé ìgbà kan, tí èrò so mọ́ ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ bí àdán. Ṣé ẹ rántí bí ó ti máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan? Bí ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè dà, kí ni ká ti sọ ti páìpù tí ènìyàn méjì ń fi ọwọ́ tì? Ìdí nìyí tí àkàbà sikáfóòdù onítáyà fi gbọ́dọ̀ wà nínú, kì í ṣe níta. Ìdí kan náà ni a kò fi gbọ́dọ̀ gbé àkàbà lásán ti ara rẹ̀ láti ìta. Àkàbà náà ń tì í, ẹni tó wà lórí àkàbà ń tì í, kò sì sí ohun tó ń dá a dúró.

OHUN TÍ A FẸ́ KÓ WÀ

Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka yín ti kọ ọ́ sílẹ̀, a sì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ. Ó lọ báyìí:

1. Kí sikáfóòdù kọ̀ọ̀kan ní àkàbà tirẹ̀, nínú rẹ̀, tí a so mọ́ ọn dáadáa láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Níwọ̀n ìgbà tí sikáfóòdù bá wà ní òró, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́.

2. Kí ojú pẹpẹ òkè ní ilẹ̀kùn tí ènìyàn yóò gbà yọ láti inú, kí a sì máa tì í bí a bá ti kọjá tán, kí ẹlòmíràn má baà fi ẹ̀yìn rìn sínú ihò.

3. Kí irin ìdènà wà yí pẹpẹ ká, òkè kan, àárín kan, kí pákó sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, kí òòlù tàbí agolo má baà já lu orí ẹni tó wà nísàlẹ̀.

4. Kí gíga rẹ̀ má ju ohun tí ìdí rẹ̀ lè gbà lọ. Òfin àtijọ́ tí àwọn onísikáfóòdù ń lò ni pé bí ó bá wà níta gbangba, kí gíga má ju ìlọ́po 3 ẹ̀gbẹ́ ìdí tó kéré jù. Bí ó bá wà nínú ilé, kí ó má ju ìlọ́po 3 àti ààbọ̀. Bí ìdí bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, ẹsẹ̀ bàtà 12 ni níta, 14 nínú ilé. Bí ìwé àwọn tó ṣe é bá sọ pé kó kéré jù bẹ́ẹ̀, ti ìwé ni kí a tẹ̀lé.

5. Kí ilẹ̀ tó dúró lé tẹ́jú, kó le. Kí búréèkì táyà rẹ̀ wà ní títì kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Bí a bá fẹ́ tì í lọ, kí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, kí a sì tì í láti ìsàlẹ̀.

6. Kí irinṣẹ́ àti ọ̀dà máa fi okùn àti garawa gòkè. Ọwọ́ tí ó ń gun àkàbà kò gbọ́dọ̀ ru ẹrù.

7. Níbi tí a bá to sikáfóòdù mọ́ ara ògiri, tí ó jẹ́ àkàbà lásán la fẹ́ lò, kí ìdí rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 1 fún ẹsẹ̀ bàtà 4 tó bá ga, kí a so orí rẹ̀, kó sì yọ lókè pẹpẹ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ẹni tó ń bọ̀ sílẹ̀ rí ohun dì mú.

8. Kí àkàbà ọ̀tọ̀ wà fún ibi tí a ti ń di ẹrù. Ẹ̀yin tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ táyà, tí ẹ ń fa okùn gun orí ẹrù tírélà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ẹni tó já láti orí ẹrù àti ẹni tó já láti orí sikáfóòdù, ilẹ̀ kan náà ló gbà wọ́n.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

A kò tọrọ àánú. Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti ọdún 1987 ní kí ọ̀nà tó láàbò wà, dé ibi tí agbára bá lè ṣe é dé, sí gbogbo ibi tí òṣìṣẹ́ bá ní láti ṣiṣẹ́, kí a sì máa tọ́jú ọ̀nà náà. Òfin kò sọ pé kí òṣìṣẹ́ wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Àdéhùn kẹ155 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, tí wọ́n ṣe ní 1981, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní 1994, sọ pé ẹni tó bá kúrò níbi iṣẹ́ nítorí ó ní ìdí tó yè kooro láti gbà pé ewu ńlá wà níbẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, àjọ náà fi ààbò níbi iṣẹ́ kún àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́.

Bí ẹnìkan bá sì fara pa, ẹ má dákẹ́. Òfin owó gbà-má-bínú ti ọdún 2010 ní kí òṣìṣẹ́ fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá náà sì fi tó ìjọba létí láàárín ọjọ́ 7. Ọmọ tó jábọ́ lọ́dún tó kọjá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń bẹ̀rù kí agbaṣẹ́ṣe má baà gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, agbaṣẹ́ṣe ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹgbẹ́ ló kọ̀wé, àwa ló jẹ́rìí pé ojú wa ló ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níwájú àwọn tó ń san owó náà.

ÈSÌ ÀWỌN ALÁṢẸ, ÀTI ÈSÌ TIWA

Àwọn aláṣẹ ti dá wa lóhùn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wa dára, àwọn yóò fi àkàbà sínú ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ bá wa dáhùn: bí búréèkì ọkọ̀ bá lọ, ṣé a máa ń sọ pé owó rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, ká máa wa ọkọ̀ náà lọ? Àkàbà ni búréèkì sikáfóòdù. Bí owó àkàbà kò bá sí lọ́dún yìí, a jẹ́ pé owó iṣẹ́ òkè kò sí lọ́dún yìí nìyẹn.

Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ fi gbé ìmọ̀ràn yìí wá. Láti ọjọ́ kìíní iṣẹ́ àtúnṣe, kí aṣojú òṣìṣẹ́ kan àti ẹnìkan nínú àwọn tí yóò gòkè jọ yẹ sikáfóòdù kọ̀ọ̀kan wò ní àràárọ̀. Bí àkàbà kò bá sí, a kò gùn ún. A kò ní jà, a kò ní bú fọ́ọ̀mànù. A ó dúró sílẹ̀, a ó pè é, a ó fi ohun tó kù hàn án, a ó sì máa ṣe iṣẹ́ ìsàlẹ̀ títí wọn yóò fi gbé e wá. Bí wọ́n bá fi agbára mú ẹnikẹ́ni, a ó pe olùbẹ̀wò ilé-iṣẹ́ ti ìjọba.

Ohun kan kù. Ẹni tí wọ́n gbà lówùúrọ̀, tí wọ́n lè lé lọ nírọ̀lẹ́, kò lè dá dúró kó ní òun kò gùn ún. Àwa tí a ní káàdì ẹgbẹ́ la ó bá a sọ ọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí a bá dúró sílẹ̀, tí a sì jẹ́ kí ọmọ agbaṣẹ́ṣe bá irin gòkè, a kò tíì ṣe nǹkan kan.

Bí ẹ bá sì rí ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀ wá yọ àkàbà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ì báà jẹ́ fọ́ọ̀mànù, ì báà jẹ́ aṣojú òṣìṣẹ́, ẹ lé e padà. Bí ó bá jẹ́ àwa ni, ẹ lé wa padà. Ó tọ́ sí wa.

Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó na ọwọ́ sókè kí akọ̀wé kà wá. Kí á lọ síṣẹ́ ní àlàáfíà, kí á sì fi ẹsẹ̀ ara wa rìn padà sílé.