Ọ̀rọ̀ Lórí Èjìká Tó Gan

Àwa tí à ń tajà ní Odò-Orí mọ̀ ọ́n: apá á kọ̀, kò ní gòkè mọ́, ọmọ ni yóò máa báni wé gèlè. Kì í ṣe ẹrù nìkan o. Àtọ̀gbẹ náà ń fà á, ẹ lọ yẹ ṣúgà wò. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ jó o, kí ẹ wá fi òrí rọra wọ́ ọ láti ọrùn wá sí apá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára fà á! A gbà fún ẹnìkan rí, ọjọ́ mẹ́ta la ò sùn. Wíwọ́ ń dín ìrora kù ni. Èjìká lè pẹ́ tó ọdún 1 sí 3 kó tó tú. Lójoojúmọ́, ẹ máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀.