Ọwọ́ Ọmọdé Kí Ó Tó Mú Pẹ́ńsù

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ọjọ́-ìbí. Olùkọ́ a ní kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún gba àtàrí kọjá, kí ó fi kan etí òsì. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kàn án, ilé ni a ó dá a padà sí, tòun tẹkún.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò padà sílé lọ ṣòfò. Ní Fìdítì tí a mọ̀ mọ́ ọsàn, tàbí ní Ìlọrà tí kò jìnnà sí i, ọwọ́ ọmọdé kì í sinmi. Yóò fún ọsàn mu, yóò bá ìyá àgbà bó ẹ̀gúsí, yóò fún omi kúrò lára aṣọ, yóò fi amọ̀ mọ ìkòkò. Òkòtó ni ọ̀gá gbogbo rẹ̀. Àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ni a fi ń ta á. Bí agbára bá pọ̀ jù, yóò ṣubú. Bí ó bá kéré jù, kò ní í yí. Ìka mẹ́ta yìí kan náà ni ó ń mú pẹ́ńsù.

Egungun wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ni ó wà ní ọrùn-ọwọ́ ènìyàn. Kèrekèré rírọ̀ ni wọ́n nígbà tí a bí ọmọ, díẹ̀díẹ̀ sì ni wọ́n ń di egungun. Èyí tí ó kẹ́yìn a máa pẹ́ tó ọdún 9 sí 12. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn jẹ́lé-ó-sinmi mìíràn ń fi ipá há pẹ́ńsù sí láti ọmọ ọdún 3. Lẹ́tà rẹ̀ wọ́, ó rẹ̀ ẹ́, a nà án, a sì pè é ní olódo. Òbí tí ó sanwó fẹ́ rí ohun tí ọmọ kọ ní ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ sì ń bẹ̀rù òbí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Maria Montessori, tí ó ṣí ilé àwọn ọmọdé ní Róòmù ní 1907, lo igi ribiti tí ó ní kókó lórí, tí ọmọ ń fi ìka mẹ́ta yìí fà yọ, kí ó lè di gègé mú lẹ́yìn ọ̀la. Amọ̀ àti òkòtó kò lè ná olùkọ́ Fìdítì tó bẹ́ẹ̀.

Kí olùkọ́ bu amọ̀ sínú abọ́, kí ó fi aṣọ tútù bò ó. Kí àwọn ọmọ máa fún àkísà tí a fi ń nu pátákó. Kí ó ṣọ́ kóró ọsàn àti ẹ̀gúsí, nítorí ọmọdé a máa kì í bọ imú. Ọ̀bẹ ní tirẹ̀, ti àgbà ni. Bí ọwọ́ ọmọ kan bá sì ń lẹ ju èkejì lọ gidigidi, ilé-ìwòsàn ni kí ó tètè darí òbí rẹ̀ sí.