Èló Ni Katakata Ń Jẹ Ní Wákàtí Kan?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń dá ìwé kà, ẹ mú káyé yín àti bíìkì yín sọ́dọ̀, nítorí ìṣirò wà nínú ọ̀rọ̀ tòní.

Ní ọdún 1975, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti ìjọba Nàìjíríà jọ dá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ní Onígbólò wa níbí. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n jọ dá ilé iṣẹ́ ṣúgà sílẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Òkúta ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, ìrèké ni wọ́n fi ń ṣe ṣúgà. Oko ìrèké tó máa bọ́ ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, ọkọ́ kò lè tú u, àfi katakata. Ní 2003, wọ́n fi ilé iṣẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́ yìí háyà fún ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà kan. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní akọ̀wé tó ń ṣírò owó katakata. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ní katakata kan ṣoṣo, ta ni yóò bá wọn ṣírò tiwọn? Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé ni.

Mo mọ ẹgbẹ́ kan, n kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n dáwó, wọ́n ra katakata àlòkù, wọ́n sì ń fi tú ilẹ̀ fún ara wọn àti fún aládùúgbò. Ní alaalẹ́, wọ́n á yọ owó gásóílì, wọ́n á yọ owó awakọ̀, wọ́n á pín èyí tó kù. Inú wọn dùn. Nígbà tó di ọdún kẹta, táyà ẹ̀yìn méjèèjì bẹ́, ẹ̀ńjìnnì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín dúdú. Wọ́n ṣí àpótí, wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn gbẹ̀yìn, abẹ igi máńgòrò ni katakata náà wà, adìẹ ń yé ẹyin sórí ìjókòó awakọ̀. Kò sí olè nínú wọn. Owó kan wà tí wọn kò kà ni, owó tí katakata ń jẹ láìlanu.

Ẹ jẹ́ ká pín owó katakata sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni owó ìjókòó. Bí katakata ṣiṣẹ́, bí kò ṣiṣẹ́, ẹ óò san án: gbígbó tó ń gbó, ilé tí ẹ kọ́ fún un, ìwé rẹ̀ àti owó asiránsì. Èkejì ni owó ìrìn. Ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń jẹ ẹ́: gásóílì, ọ́ìlì, gírísì, táyà, mẹkáníìkì, awakọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ fi iye ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ẹ ra katakata ní 9,000,000 sẹ́fà. Ẹ rò ó pé lẹ́yìn ọdún 6, ẹ lè tà á ní 3,000,000. Èyí tó gbó dànù jẹ́ 6,000,000. Ẹ pín in sí ọdún 6, ó di 1,000,000 lọ́dún. Bí katakata bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 500 lọ́dún, gbígbó rẹ̀ jẹ́ 2,000 sẹ́fà ní wákàtí kan. Èsúsú ni kí ẹ pe owó yìí. Katakata ń dá a lọ́wọ́ yín kí ẹ lè fi ra òmíràn lọ́jọ́ tó bá kú.

Ohun ìtúlẹ̀ aláwo tí katakata ń fà lẹ́yìn náà ń gbó. Ká ní 1,200,000 ni ẹ rà á, tí kò sì ní níye lórí mọ́ lẹ́yìn ọdún 6. Ìyẹn 200,000 lọ́dún. Bí ó bá tú ilẹ̀ fún wákàtí 200 lọ́dún, 1,000 sẹ́fà ni fún wákàtí kan.

Ní ti gásóílì, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ awakọ̀ gbọ́ lásán (kì í ṣe pé òpùrọ́ ni). Ẹ gbé katakata sí ibi tó tẹ́jú, ẹ rọ epo kún táǹkì dé ẹnu. Ẹ jẹ́ kó túlẹ̀ fún wákàtí 5. Ẹ gbé e padà síbi kan náà, kí ẹ tún rọ epo kún un, kí ẹ sì ka iye lítà tó gbà. Bí ó bá gba lítà 40, ó jẹ lítà 8 ní wákàtí kan. Ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí wa yìí, tó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ nígbà òjò, tó sì ń là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, máa ń jẹ epo ju ilẹ̀ iyanrìn lọ. Nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n lórí ilẹ̀ tiyín.

Bí lítà kan bá jẹ́ 700 sẹ́fà, ẹ kọ ọ́ sínú káyé báyìí, fún wákàtí kan:

Gbígbó katakata: 2,000
Ilé, ìwé àti asiránsì: 300
Gbígbó ohun ìtúlẹ̀: 1,000
Gásóílì: 5,600
Ọ́ìlì àti gírísì: 560
Táyà àti mẹkáníìkì: 1,400
Awo àti bóòtù ohun ìtúlẹ̀: 300
Awakọ̀: 1,000
Gbogbo rẹ̀: 12,160 sẹ́fà

Bí ẹ́kítà kan bá gbà yín ní wákàtí 3, owó tó jẹ yín jẹ́ 36,480. Ẹgbẹ́ tó ń ka gásóílì, ọ́ìlì àti awakọ̀ nìkan yóò rò pé 21,480 ni. Wọ́n á gba 25,000 lọ́wọ́ aládùúgbò, wọ́n á ní àwọn jèrè 3,520. Ṣùgbọ́n 11,480 ni wọ́n pàdánù lórí ẹ́kítà kọ̀ọ̀kan. Katakata ni wọ́n ń gé jẹ díẹ̀díẹ̀.

Ìrèké tún ní ìṣòro tirẹ̀. Àgbàdo, ọdọọdún là ń túlẹ̀ fún un. Ìrèké, bí a bá gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, a óò gé e, kùkùté rẹ̀ á tún hù, a óò sì gé e bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí a tó tún ilẹ̀ tú. Ìyẹn dára, nítorí owó ìtúlẹ̀ á pín sórí ìkórè púpọ̀. Ṣùgbọ́n katakata á jókòó. Bí wákàtí 500 bá di 250, gbígbó katakata á di 4,000 ní wákàtí kan, ilé àti ìwé á di 600. Wákàtí kan á di 14,460, ẹ́kítà kan á sì di 43,380. Ẹni tó bá fẹ́ ra katakata nítorí oko ìrèké nìkan, kó kọ́kọ́ wá oko àgbàdo àti ẹrù tí yóò máa fi kó.

Nígbà ìkórè ńkọ́? Ìrèké tí a ti gé, adùn rẹ̀ ń dínkù lójoojúmọ́. Ó yẹ kó dé ẹnu ẹ̀rọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí katakata bá kú sójú ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́rin, owó mẹkáníìkì nìkan kọ́ ni ẹ pàdánù. Nítorí náà, owó táyà àti mẹkáníìkì ní láti wà nínú àpótí kí àdá tó wọ oko. Kí ẹni mẹ́ta mú kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe wá sí kíláàsì. Ẹ yọ ohun ìtúlẹ̀ kúrò, ẹ so ọkọ̀ àfàlẹ́yìn tó ń kó ìrèké mọ́ katakata yẹn. 1,500,000 ni wọ́n rà á, yóò lo ọdún 10, kò ní níye lórí mọ́ lẹ́yìn náà. Wákàtí 300 ló ń ṣiṣẹ́ lọ́dún. Táyà rẹ̀ ń jẹ 30,000 lọ́dún. Ẹ jẹ́ kí gásóílì àti awakọ̀ wà bí wọ́n ṣe wà, kí katakata sì máa ṣe wákàtí 500 rẹ̀. Èló ni wákàtí kan?