Ìwé Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Afọ́jú Lè Kà: Ta Ni Yóò Sanwó Rẹ̀?

Bí ọ̀rọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá ní yunifásítì bá délẹ̀, àtẹ̀gùn àti ẹnu ọ̀nà la sábà máa ń jiyàn lé lórí. Ìwé kíkà kì í tètè wá sí wa lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ìwé ni ẹ̀kọ́ gan-an. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú àgbáyé, World Blind Union, ti ń pariwo pé nínú ọgọ́rùn-ún ìwé tó ń jáde lágbàáyé, kò pé mẹ́wàá tí ẹni tí kò ríran lè kà. Ní àwọn ilẹ̀ tálákà, kò pé ẹyọ kan. Nígbà kan, òfin là ń dá lẹ́bi, nítorí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sọ ìwé di bírélì tí afọ́jú ń fi ìka kà ní láti kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ní 2013, àwọn orílẹ̀-èdè ṣàdéhùn ní Marrakesh, ní ilẹ̀ Mòrókò, láti mú ìdènà yẹn kúrò. Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lù ú ní 2017, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, Copyright Act ti 2022, sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nílé. Owó ló kù.

Iṣẹ́ náà sì ń gba owó lóòótọ́. Bébà bírélì nípọn, àmì rẹ̀ ń gba àyè, tó fi jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo tí olójú ń kà lè di ìdìpọ̀ mélòó kan. Àwọn kan á ní fóònù ti ń kàwé sókè lọ́fẹ̀ẹ́, pé NVDA, ètò tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ojú ìwé tí wọ́n kàn yà bíi fọ́tò, àwòrán lásán ni fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ jókòó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀, kó tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, kó sì ṣàlàyé àtẹ àti àwòrán. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ èdè Yorùbá ló tún ń ṣe mí láàánú jù: ohùn Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀rọ kò mọ àmì ohùn, bẹ́ẹ̀ àmì ohùn ló gbé ìtumọ̀ ró.

Àtakò tó lágbára jù ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò pọ̀, pé owó fásitì kò sì tó ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ìwé là ń náwó lé, kì í ṣe orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà kan tí wọ́n bá ṣe dáadáa ní Ìbàdàn, wọ́n lè lò ó l'Ékòó àti n'Ífẹ̀ láìtún un ṣe. Àdéhùn Marrakesh tilẹ̀ gbà kí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ kọjá lọ sí ilẹ̀ mìíràn tó bá fòǹtẹ̀ lu àdéhùn náà. Kì í sì í ṣe afọ́jú nìkan: ẹni tí kò lè di ìwé mú, tàbí tí àìlera kan kò jẹ́ kó lè ka lẹ́tà, wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ti gbìyànjú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ìdánwò kì í dúró de ọrẹ. Láti 2011 ni àjọ TETFund ti ń rí owó gbà látinú owó orí èrè àwọn iléeṣẹ́ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, ilé-ìkàwé sì wà lára ohun tó ń náwó lé. Kí wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún nínú owó ilé-ìkàwé náà fún ìwé àwọn akanda ẹ̀dá, kí wọ́n sì san owó oṣù àwọn tí yóò máa ṣe é. Òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2019, ti sọ pé ẹ̀tọ́ wọn ni ẹ̀kọ́ jẹ́.