Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Kì í Ṣe Ìṣẹ̀ṣe: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtọ́jú Ọpọlọ àti Oògùn Olóró ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àgbà kí n tó la ẹnu, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kan àwọn kan nínú wa, ó sì lè dun ẹlòmíràn.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ó ṣe mú ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ àti ti oògùn olóró súnmọ́ àwọn ènìyàn wa ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀. Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tó bá ń gbé lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kò ní láti rìn jìnnà kó tó rí ohun tí òwe náà ń wí. Ní ìdíkọ̀, ní ẹ̀yìn ọjà, lábẹ́ afárá, ibẹ̀ ni a ti ń bá ọmọ tí igbó, tramadol àti paraga ti sọ di ẹni tí ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun léèrè rẹ̀ mọ́. Ìwádìí tí àjọ UNODC àti ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2019 sọ pé nínú 100 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 15 sí 64 ní Nàìjíríà, ó lé ní 14 tó lo oògùn olóró láàrin ọdún kan, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Ní Èkó, 33 ni. Ọ̀wọ́n ilé ní Èkó ló kó ọ̀pọ̀ wa wá sí Mowe àti Ibafo. Ohun tó wà ní Èkó sì bá wa rin ìrìn náà.

Kí a tó wí pé ọ̀rọ̀ yìí ju agbára wa lọ, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ayé ti wá kọ́ nípa ìtọ́jú ọpọlọ. Ní ọdún 1944 ni wọ́n ṣí ibùdó Lántòrò ní Abẹ́òkúta, nínú ilé tó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀, fún àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú nígbà ogun àgbáyé kejì. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀: inú ẹ̀wọ̀n. Ní ọdún 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta tó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, gba àkóso Àró. Kò dúró de ìgbà tí ilé ńlá yóò parí. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí Àró ká, ó gba iyàrá lọ́wọ́ wọn fún àwọn aláìsàn. Òfin pàtàkì kan ló wà níbẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa mú un lọ gba ìtọ́jú, kí ó sì mú un padà sí abúlé. Aláìsàn ń ṣiṣẹ́ oko, ó ń bá àwọn ará abúlé ṣeré, ó ń bá wọn jókòó. Onílé ń gba owó ilé rẹ̀. Lambo sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 1961, Abẹ́òkúta ni àwọn dókítà ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti ibòmíràn ti ṣe àpérò. Lẹ́yìn náà, Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ìdí tí mo fi ń rọ́ ìtàn yìí ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa kò mọ Àró ju èébú lọ. "Ó yẹ kí wọ́n gbé ọ lọ sí Àró," ohun tí wọ́n mọ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ewé náà wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí n fò ó. Gbogbo oníṣègùn tó wà níhìn-ín mọ asofẹ́yẹjẹ. Àwọn baba wa ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ mú kí ara wèrè balẹ̀ kí ilé ìwòsàn kankan tó dé ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ èròjà kan tí wọ́n pè ní reserpine lára igi tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ní Íńdíà, wọ́n sì fi tọ́jú aláìsàn ọpọlọ káàkiri ayé ní àwọn ọdún náà. Nítorí náà, àwọn baba wa kò sọ̀rọ̀ òfo. Ṣùgbọ́n èròjà kan náà yìí máa ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè mú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fi ife wọ̀n ọ́n láìmọ iye tó wà nínú rẹ̀ lè pa ẹni tó fẹ́ wò sàn. Ìyìn tí a ń fún ewé wa kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a gbàgbé ìwọ̀n.

Wàyí o, ibi tó le nìyí. Ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí ibùdó 28 tí wọ́n bẹ̀ wò ní orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n rí ènìyàn tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de mọ́lẹ̀, ọmọdé wà nínú wọn. Kì í ṣe ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ nìkan. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ibùdó àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ilé ìjọba náà wà níbẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn kan nínú wa ń wí pé nítorí tí gbogbo ẹ̀sìn ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má nàka sí wa. Èmi kò gba èyí. Àwọn mìíràn ń wí pé àṣà wa ni. Èyí ni n kò gbà jù. Òrìṣà wo ló ní kí a na ẹni tí orí rẹ̀ ń dà láàmú ní pàṣán? Àwọn àfín, abuké àti arọ, ẹni òrìṣà ni a ń pè wọ́n, Ọbàtálá ló ni wọ́n. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú kò jìnnà sí wọn.

Òwe tí a sábà máa ń fà yọ ni pé aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wèrè tó bá ti wọjà kò gbóògùn mọ́, wọn a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi a máa gbọ́ òwe náà lọ́nà mìíràn: ẹni tó gbé aṣọ dání ló pẹ́ jù. Àbùkù náà wà lọ́rùn àwọn tó wà nílé.

Ti oògùn olóró àti ọtí tún yàtọ̀ díẹ̀. A ń pè é ní bárakú, ohun tí ó bá ara dé ikú. Gbogbo wa mọ ìtàn ẹmu tí Ọbàtálá mu lójú ọ̀nà nígbà tí ó ń bọ̀ wá dá ayé. Títí di òní, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í fẹnu kan ẹmu. Nínú ìtàn yẹn, ẹ kò gbọ́ pé Olódùmarè fi ẹ̀wọ̀n de Ọbàtálá. Iṣẹ́ mìíràn ló fún un, iṣẹ́ mímọ ènìyàn, ó sì fi èèwọ̀ ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílé, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹni tí ọtí líle ti di bárakú fún fún ọdún pípẹ́, bí a bá gba ọtí náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, a tì í mọ́ yàrá, ó lè máa gbọ̀n, kí gìrì mú un láàrin ọjọ́ méjì, kí ó máa bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀. Ó lè kú. Tramadol náà ní gìrì tirẹ̀. Àwọn ará ilé yóò ní ayé ló ṣe é. Àárẹ̀ ara ni, ó ní oògùn tí nọ́ọ̀sì mọ̀, irú àárẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì ní dúró dè wá títí a ó fi ṣe ètùtù tán.

Ṣé a lè bá wọn ṣiṣẹ́ láìta ìṣẹ̀ṣe wa? Wọ́n ti dán an wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà pẹ̀lú aláìsàn 307 tó wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládùúrà. Ní apá kan, òṣìṣẹ́ ìlera ń wá sí ilé oníṣègùn, ó ń fún aláìsàn ní oògùn, oníṣègùn sì ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn wọ̀nyí balẹ̀ ju ti àwọn tó kù lọ. Ọdún 2020 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet. Kò sí ẹni tó ní kí oníṣègùn kankan jó ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ níná.

Òfin náà ti yí padà. Òfin amúnisìn tó ti wà láti ọdún 1916, èyí tó ń pe aláìsàn ní wèrè lásán, ni wọ́n fi òfin tuntun rọ́pò ní oṣù kìíní ọdún 2023. Aláìsàn ti ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin báyìí, ẹni tó bá sì so ó mọ́ igi lè dúró níwájú adájọ́.

Ní agbègbè wa, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Láti ọdún 2011 ni Àró ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀ Ògùn bí wọn yóò ṣe dá àìsàn ọpọlọ mọ̀ àti bí wọn yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó wà ní Ifọ̀ lè bọ́ sójú ọ̀nà àtijọ́ kí ó dé Abẹ́òkúta tààrà. Ará Mowe àti Ibafo yóò gba Ṣàgámù yípo, tàbí kí ó ya gba Ọ̀fadà. Owó ọkọ̀ nìkan ti tó kí ìyá kan dá ìtọ́jú ọmọ rẹ̀ dúró. Nítorí náà, ohun tí a ó bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti ti Ifọ̀ ni nọ́ọ̀sì tó kọ́ iṣẹ́ yìí àti oògùn tí kì í tán, nítòsí ilé wa.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń kọ mí lóminú jù. Lambo ní ìbátan láti bá aláìsàn wá. Ní Mowe lónìí, ta ni yóò bá a wá? Ọkọ jáde lọ sí Èkó ní aago mẹ́rin àárọ̀, ìyàwó jáde ní márùn-ún, ìyá wà ní Ìlá tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, aládùúgbò kò mọ orúkọ ara wọn. Níbẹ̀ ni mo rò pé ẹgbẹ́ wa wúlò ju ìjọba lọ. A ní ilé òrìṣà, a ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀, a ní àwọn ìyá tí kì í ṣe iṣẹ́ Èkó mọ́. Ẹni méjì méjì láti ilé òrìṣà kọ̀ọ̀kan lè di ìbátan fún ẹni tí kò ní, kí wọ́n máa bá a lọ gba oògùn, kí wọ́n sì mọ̀ bí kò bá dé.

Mo ti gbé ìwé kan sọ́dọ̀ akọ̀wé. Kí àwọn oníṣègùn tó fẹ́ kí nọ́ọ̀sì máa wọ ilé wọn kọ orúkọ sí i kí a tó túká, kí àwọn ìyá tó lè bá aláìsàn rìn sì kọ tiwọn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nílé, kí ó wá bá mi ní ìkọ̀kọ̀. A ó jọ lọ síbẹ̀, a ó sì mú nọ́ọ̀sì dání kí a tó tú u.