Wàrà Nínú Ọbẹ̀ Wa, Wàrà Lórí Àtẹ Wa

Wọ́n ní ká sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ọjà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tà, ìyẹn wàrà.

Ọwọ́ àwọn obìnrin Fúlàní la ti ń rà á. Ní gáà, wọ́n á gbé mílíìkì màlúù tútù ka iná tí kò le jù. Wọ́n á gún ewé bomubomu, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀ sí i. Tó bá yá, mílíìkì á dì, omi á ya sọ́tọ̀. Wọ́n á jẹ́ kó hó dáadáa, wọ́n á wá bù ú sínú agbọ̀n kéékèèké kí omi lè ro dànù. Àwọn ará Benin náà ń jẹ ẹ́, wagashi ni wọ́n ń pè é. Wọ́n a sì máa fi èèpo ọkà bàbà pa tiwọn láró pupa.

Wàrà wa kì í yọ́ nínú òróró gbígbóná bíi ti òyìnbó. Ẹ gé e, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ dín in títí ara rẹ̀ á fi pọ́n. Ó bá ẹ̀fọ́ rírò mu, ó bá ẹ̀gúsí mu, ó bá ọbẹ̀ ata mu. Tí ọbẹ̀ bá ti fẹ́ jinná ni kẹ́ ẹ dà á sí i, kó lè fa ata mu. Lọ́jọ́ tí ẹran bá wọ́n, wàrà ò ní jẹ́ kí ọbẹ̀ ṣófo, ó sì ń mú ara àti egungun ọmọ le.

Ṣùgbọ́n wàrà kì í pẹ́ kan. Tí ẹnìkan bá da tàná pọ̀ mọ́ tòní, tí ọmọ ọlọ́mọ jẹ ẹ́ tí inú ń run ún, oníbàárà ò ní sọ pé ìyá kan báyìí ló tà á. Ohun tó máa sọ ni pé, “Wàrà ọjà yẹn ò dáa.” Gbogbo wa ló kàn nìyẹn.

Torí náà, ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lálẹ́, ẹ dín in lálẹ́ ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé tàná ni. Ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀, ẹ máa bò ó kí eṣinṣin má bà lé e.

Ìkejì, ẹ jẹ́ ká máa san owó àwọn obìnrin Fúlàní lásìkò. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí wọ́n ti ń ṣe wàhálà, ọ̀nà jínjìn ni wọ́n sì ń rìn. Tí wọn ò bá wá mọ́, kí la fẹ́ gbé sórí àtẹ? Ẹni tí owó bá há mọ́ lọ́wọ́, kó wá yá a lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Torí ẹ̀ la ṣe ń dá owó àjẹṣẹ́kù. Kò yẹ ká máa fi owó olówó ṣòwò.

Ọjà wa ò ní bàjẹ́ o.